Ìyá Wa Ń Ṣàìsàn, Òun Náà Ló sì Ń Tọ́jú Àwọn Àbúrò Mi

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 29 ni mí, èmi ni àkọ́bí ìyá mi, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe nílùú Oǹdó. Agbègbè Ìjọ̀kà ní Àkúrẹ́ ni ìyá mi ń gbé pẹ̀lú àbúrò mi méjì. Èyí ọkùnrin ti pé ọdún 15, ṣùgbọ́n kò lè rìn, kò sì lè dá jókòó, nítorí ibà pọ́njú tó ṣe é kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan láyé ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi le. Èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 12, adití ni, ó sì ń lọ sí ilé-ìwé àwọn adití ní Àkúrẹ́ níbẹ̀. Bàbá wa ti dolóògbé.

Ó ti tó ọdún 8 tí àtọ̀gbẹ ti ń bá ìyá mi fínra. Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ló ń gún lójoojúmọ́, ó sì máa ń sọ pé òun kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ilẹ̀ tí òun ń tẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, òun ló ń gbé àbúrò mi láti orí bẹ́ẹ̀dì lọ sí balùwẹ̀, tó ń fún un lóúnjẹ, tó sì ń yí i padà lóru. Lóṣù tó kọjá, ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ lọ́gànjọ́, ó sì ṣubú lulẹ̀. Àbúrò mi obìnrin sáré jáde, ó mú ọmọ odó, ó ń fi lu ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn kò mọ ohun tó ń fọwọ́ sọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà náà ni ẹbí ti ṣèpàdé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí a mú àwọn ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú wọn, kí ìyá wọn lè sinmi. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú màmá, ẹkún ni ó fi dá mi lóhùn. Ní báyìí, bí mo bá pè é lórí fóònù, ‘ara le’ nìkan ni mo ń gbọ́. Àbúrò mi ọkùnrin kan wà ní Èkó tó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n padà sílé ni, mà, àbí kí a ṣe ohun tí ẹbí wí?

ÌDÁHÙN

O kú àfaradà, ọmọ mi. Ibi tí mo tún kà nínú lẹ́tà rẹ ni ibi tí ọmọbìnrin náà ti ń fi ọmọ odó lu ilẹ̀kùn. Ilé tí ọmọ ọdún 12 ti lè ronú kan ọmọ odó lọ́gànjọ́ kò ṣaláìní ọgbọ́n, kò sì ṣaláìní ìfẹ́. Ohun tó ṣaláìní ni ẹni tó gbọ́ èdè ọmọ náà, àti ọwọ́ kejì tí yóò bá ìyá rẹ gbé ohun tó wúwo. Nítorí náà, èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé àánú àbúrò rẹ̀ ló ṣe é. Iṣẹ́ tó lè pa ìyá rẹ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má gba àwọn ọmọ rẹ̀.

Kọ́kọ́ padà lọ bá a. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹbí ṣe gan-an nìyẹn: wọ́n parí ọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó rán ọ sí i. ‘Ara le’ tó ń sọ fún ọ báyìí kì í ṣe agídí. Ẹni tó bá ti rí i pé òótọ́ tí òun bá sọ nípa àìsàn òun ni wọn yóò fi gba ọmọ lọ́wọ́ òun, kò ní sọ òótọ́ mọ́, ìyẹn sì léwu fún un ju gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní mú ọmọ kankan kúrò láìjẹ́ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o wá bi í pé, ‘Màmá, èwo nínú iṣẹ́ òòjọ́ yín ló ń rẹ̀ yín jù?’ Jẹ́ kó dáhùn tán. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí yóò dárúkọ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ẹ̀yin ń rò.

Ní ti òru ọjọ́ náà, bi í ní ìgbà tó jẹun kẹ́yìn kó tó ṣubú. Ìyá tó bá ń fún ọmọ tí kò lè dá jẹun lóúnjẹ lè lò ju wákàtí kan lọ nídìí oúnjẹ kan ṣoṣo. Bó bá ti gún ínsúlíìnì rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì fi oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá yó, abẹ́rẹ́ náà kò ní dúró dè é, ṣúgà ara rẹ̀ yóò máa wálẹ̀ ni. Kí oúnjẹ tirẹ̀ wà lórí tábìlì kó tó gún abẹ́rẹ́, kó sì jẹ ẹ́ ṣáájú ọmọ. Yóò ṣòro fún abiyamọ láti gbà, ṣùgbọ́n o lè sọ fún un pé ọmọ náà ni ó ń ṣe é fún. Kó tún bi dókítà rẹ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ alẹ́ rẹ̀ kù. Ẹ má dá a dín kù fúnra yín.

Kí ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, bí kò bá sí nílé. Bí òǹkà tó jáde bá kéré sí 70 (mg/dL), tàbí tí òógùn bá ń bò ó, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, kó jẹ ṣúgà oníhóró bíi 4, tàbí kó pò ó mu lómi, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ọsibítù.

Ọmọbìnrin yẹn lè mọ gbogbo èyí bí ẹ bá fi hàn án. Kọ ọ́ sórí páálí fún un pé: ‘Ṣúgà ara ìyá mi ti wálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ̀ lé mi nísinsìnyí,’ kí nọ́ńbà rẹ àti ti aládùúgbò kan tó ní ọkọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tó. Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé kí àwọn aládùúgbò náà kọ́ díẹ̀ nínú èdè tí ọmọ náà fi ń sọ̀rọ̀. Bẹ olùkọ́ rẹ̀ kan, kó wá jókòó pẹ̀lú àwọn ará ilé méjì tó sún mọ́ yín jù ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, kó kọ́ wọn ní àmì ‘ìyá’, ‘ṣubú’, ‘ṣúgà’, ‘wá’. Àṣìṣe tí a sábà máa ń ṣe ni pé a máa ń retí kí adití nìkan sapá kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ṣá o, ẹ má sọ ọmọ yẹn di nọ́ọ̀sì ilé. Kó mọ bí yóò ṣe pe èèyàn, kó sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì tó lè ṣe ìyá rẹ ní jàǹbá ni gbígbé ọmọkùnrin náà. Ọmọ ọdún 15 ti wúwo, ìyá rẹ kò sì mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ dáadáa. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń ba àwọn iṣan tí a fi ń mọ ìrora lẹ́sẹ̀ jẹ́, ó sì máa ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dé ẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé egbò kékeré tí ẹni náà kò mọ̀ pé òun ní lè di ohun tí wọn yóò gé ẹsẹ̀ sí. Àǹtí mi kan nílùú Oǹdó pàdánù ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì nítorí omi gbígbóná tó ń fi jó ẹsẹ̀ tó ń kú tipiri. Kò mọ̀ pé omi náà ti bó òun lára. Kí ìyá rẹ má rìn láìwọ bàtà, àní nínú ilé pàápàá, kí ẹnì kan sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́ títí dé àárín àwọn ọmọ ìka.

Owó tó ń ti Èkó wá, ibí ni kó máa lọ. Kí ẹ fi gba ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹ mọ ìdílé rẹ̀, tí yóò máa wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti gbé ọmọ náà, wẹ̀ ẹ́, kó sì gbé e sórí àga tó lè gbé ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Kí ọ̀dọ́kùnrin náà àti ìyá rẹ jọ lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú iṣan àti eegun ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn (UNIMED) ní Àkúrẹ́, kí wọ́n lè fi bí a ṣe ń gbé e láìṣe ẹ̀yìn ní jàǹbá hàn wọ́n, àti bí a ṣe ń gbé e jókòó dáadáa kí oúnjẹ má baà há a.

Díẹ̀ ni mo ní láti sọ lórí oúnjẹ. Ẹ má sọ fún ará Àkúrẹ́ pé kó má jẹ iyán mọ́. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Ínsúlíìnì tó ti ṣí lè wà níta fìríìjì fún nǹkan bí ọjọ́ 28, bí ooru kò bá pọ̀ jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ fi í sínú ike onídèérí, kí ike náà wà nínú ìkòkò amọ̀ tí ẹ ń fi omi rin ara rẹ̀.

Ní ti ohun tó tọ́ sí wọn lọ́dọ̀ ìjọba, òfin tó lòdì sí yíyà àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2019 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí i, ó sì sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ìwé girama jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Òfin ọdún 2022 náà sọ adójútòfò ìlera di dandan, ó sì ṣètò owó fún àwọn tí kò lágbára láti san. Àjọ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wà. Ìwọ ni kí o lọ síbẹ̀, má jẹ́ kí ìyá rẹ lọ tò lórí ìlà. Béèrè bóyá ínsúlíìnì wà lára oògùn tí wọ́n ń san owó rẹ̀, kí o sì forúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.

Má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù rẹ jẹ́ òpó kan nínú ilé yẹn, ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́ kò sì jìn. Máa lọ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí o sùn ní yàrá àbúrò rẹ, kí o máa yí i padà fúnra rẹ lóru, kí ìyá rẹ lè sùn mọ́jú. Ẹni tí kò róorun sùn lọ́sẹ̀ mọ́sẹ̀ kò lè ṣàkóso ṣúgà ara rẹ̀, bó ti wù kó gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu tó.

Ìbéèrè kan wà tí ẹbí yín kò jẹ̀bi pé wọ́n ń rò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà òdì ni wọ́n gbé e gbà: bí ìyá rẹ kò bá sí mọ́ lọ́jọ́ kan ńkọ́? Òun náà ń rò ó lóru, ó sì dá mi lójú pé ohun tó mú un sunkún wà nínú rẹ̀. Má ṣe bi í ní ọ̀nà yẹn. Ra ìwé kan, kí o jókòó tì í ní Sátidé tó ń bọ̀, kí o ní kó máa sọ, kí o máa kọ: bí ọmọkùnrin rẹ̀ ṣe ń fi ojú sọ pé òun yó, irú ẹkún tó túmọ̀ sí ìrora àti èyí tó túmọ̀ sí pé ó fẹ́ kí wọ́n yí òun padà, orin tó ń mú un rẹ́rìn-ín, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé yìí. Bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.