Ẹ má tíì sanwó Alma-Tadema yẹn o

Bọ̀dá mi tó ní òun rí àwòrán tí wọ́n kọ L. Alma-Tadema, orúkọ ayàwòrán ayé àtijọ́ kan, sí lára ní gbàǹjo kan ní Manchester, tẹ́ ẹ wá rí i lórí Google pé wọ́n ta ọ̀kan nínú iṣẹ́ bàbá yẹn ní mílíọ̀nù 35 dọ́là, tẹ́ ẹ ń bèèrè pé ṣé kẹ́ ẹ gbé £600 lé e, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe sùúrù ná. Ojú mi ti rí màbo níbẹ̀.

Mílíọ̀nù 35 yẹn kì í ṣe irọ́. Àwòrán tó ń jẹ́ The Finding of Moses ni, Sotheby's, ilé gbàǹjo ńlá, ló lù ú ní gbàǹjo ní New York ní November 2010, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta sí márùn-ún làwọn fúnra wọn rò pé ó máa pa. Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti ń bọ̀. Olówó kan, Sir John Aird, ló bẹ bàbá náà níṣẹ́, £5,250 ló san lọ́dún 1904, owó gọbọi nìyẹn láyé ọjọ́un, ìgbà tó fi máa di 1960, £252 ló kù sí! Bàbá náà ò tíì pé àádọ́ta ọdún nínú sàréè o. Picasso àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni gbogbo ayé ń sáré lé, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo àwọn ará Róòmù tó ń gbatẹ́gùn lórí mábù tí bàbá yìí máa ń yà mọ́. Ní 1973 Allen Funt, ọkùnrin orí tẹlifíṣọ̀n l'Amẹ́ríkà, ló kó márùndínlógójì nínú àwòrán Alma-Tadema tó ní wá sí gbàǹjo ní London torí akáwǹtáǹtì ẹ̀ ti jí i lówó kó. Ẹ̀yìn ìyẹn lowó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, Moses yẹn pa mílíọ̀nù 1.75 páùn ní 1995.

Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni bàbá yìí ṣá. Ọmọ Netherlands ni, wọ́n bí i ní 1836, London ló wá fìdí kalẹ̀ sí ní 1870. Ó fa Alma, orúkọ àárín ẹ̀, mọ́ Tadema kórúkọ òun lè bọ́ sábẹ́ A, kó máa ṣáájú nínú ìwé ìpàtẹ, ẹ sọ pé kì í ṣe ará Èkó. Nígbà tó ń ya The Roses of Heliogabalus, àwòrán tí òdòdó róòsì kún inú ẹ̀, òtútù ni, kò sí róòsì ní London, ló bá ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sóun látilẹ̀ Faransé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó tún máa ń kọ nọ́ńbà Róòmù sára iṣẹ́ ẹ̀, I títí dé CCCCVIII, káwọn ayédèrú má baà rọ́nà gbà.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ló kó bá mi. Gbàǹjo kékeré kan ni, ẹ̀yìn London níbí, mo rí A Reading from Homer, ọ̀kan nínú àwòrán bàbá yẹn, mo rí sáìnì, mo rí nọ́ńbà, orí mi wú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú orúkọ bàbá yẹn nínú ìwé wọn pé "After", èmi ò kọbi ara sí i, mo ṣáà ń nawọ́ sókè. Òòlù balẹ̀ ní £900. Mo dé kọ́ńtà, kọ́míṣọ̀n 25%, VAT, owó orí ìjọba, lórí kọ́míṣọ̀n, ó di £1,170, owó tí ìyàwó mi rò pé ó wà ní báǹkì. Ẹni tó ń tún àwòrán ṣe fi òwú nu igun ẹ̀ kan báyìí, ọ̀dà ṣí, pépà ló wà nísàlẹ̀. Ìtẹ̀jáde ayé àtijọ́ ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, wọ́n kun ún lọ́dà. Sáìnì àti nọ́ńbà tó ń wú mi lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ojúlówó ẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù ní Philadelphia, kò kúrò níbẹ̀. £80 ni mo padà tà á, férémù sì lẹni tó rà á ń fẹ́.

Torí náà ọ̀rọ̀ tó wà níwájú orúkọ lẹ máa kọ́kọ́ kà. Orúkọ ẹ̀ ní kíkún láìsí nǹkan kan níwájú, wọ́n gbà pé òun ló yà á nìyẹn. "Attributed to", wọ́n ń rò ó pé òun ni. "After", ẹlòmíì ló wo tiẹ̀ yà, tàbí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bíi tèmi. "Bears signature", orúkọ wà níbẹ̀, ẹ má bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Tí nọ́ńbà bá wà, ẹ lọ sí láíbìrì ńlá, ìwé kan wà tí wọ́n tẹ̀ ní 1990 tó to gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ibi tí àwòrán tó ni nọ́ńbà yẹn wà báyìí. Kẹ́ ẹ tún ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ fún yín, ẹ̀yìn àwòrán kì í parọ́ bíi ti iwájú.

Ẹ da ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé gbàǹjo yẹn síbí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀ sí i tó bá ní. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ jẹ́ kí £600 yín wà lápò.