Ìbéèrè Òǹkàwé: Ìbọn Afẹ́fẹ́ Wo Ló Yẹ fún Ikún àti Òkété?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí ní ìgbèríko Òmù-Àrán. Ẹ̀pà àti àgbàdo ni mò ń gbìn, mo sì ní ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́bàá odò. Bí a bá gbin ẹ̀pà láàárọ̀, ikún á ti wú u kí oòrùn tó wọ̀. Òkété ń jẹ ẹ̀gẹ́ lóru, ọ̀yà náà kò sì gbẹ́yìn. Ṣakabùlà ń pariwo jù, ó sì ń fọ́ ẹran kékeré yángayànga. Ọmọ mi tó wà ní Ìlọrin fẹ́ ra ìbọn afẹ́fẹ́ fún mi. Ọ̀kan jẹ́ 4.5, wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ọta rẹ̀ ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 1,250 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èkejì jẹ́ 5.5, eré tirẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀. Èwo ni kí ó rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o, bàbá wa. Kí ọmọ yín tó náwó rárá, ọ̀rọ̀ òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé níwọ̀n ìgbà tí ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ti í lo ẹ̀tù, kì í ṣe ìbọn lójú ìjọba. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin ohun ìjà ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ṣe ní 1959, ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú ìbọn ọdẹ alákátíríìjì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ, kò sì fàyè gba ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 láti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ yín yà sí olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Kwara ní Ìlọrin, kí ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń gba ìwé náà àti bóyá wọ́n ń fúnni lásìkò yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ó máa lo ìbọn ni ó yẹ kí ìwé náà jẹ́ ti yín, kì í ṣe ọmọ tó sanwó rẹ̀. Bí olùtajà bá sọ pé kò gba ìwé kankan, ẹ má gbà á gbọ́, nítorí ẹ̀yin ni wọn yóò mú lójú ọ̀nà, kì í ṣe òun.

Ní ti ìbọn méjèèjì, 5.5 ni mo fọwọ́ sí. Iye mìlímítà tí ọ̀pá ìbọn fẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ọta 4.5 wúwo tó nǹkan bí ìdajì gíráàmù, ti 5.5 sì tó nǹkan bí gíráàmù kan. Ọta kékeré yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè gba ara ikún kọjá bí abẹ́rẹ́, kí ẹran náà sì rọ́nà wọ ihò rẹ̀ lọ, kó kú síbẹ̀ pẹ̀lú ìrora, láìṣe ẹni tó yìnbọn láǹfààní. Ọta tó wúwo máa ń fi agbára rẹ̀ sílẹ̀ lára ẹran. Ẹ má sì jẹ́ kí 1,250 tí wọ́n kọ sára páálí wọ̀ yín lójú: ọta tó fúyẹ́ jù lọ, tí ọdẹ gidi kì í lò, ni wọ́n sábà máa ń fi wọn irú eré bẹ́ẹ̀, ọta tó bá sì ń sáré tó ohùn tàbí jù ú lọ máa ń mì lọ́nà, kì í sábà balẹ̀ síbi tí a wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pa ẹyẹlé àti ehoro kò ní agbára ju nǹkan bíi joule 16 lọ (joule ni wọ́n fi ń wọn agbára ọta), nítorí ibẹ̀ ni òfin wọn pààlà sí fún ìbọn tí kò gba ìwé àṣẹ. Ọta 5.5 irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò sáré ju bíi mítà 180 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì tó ikún pa bí ó bá bà á lórí.

Irú èyí tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ láti fi ká sípíríǹgì inú rẹ̀ ni kí ẹ rà, nítorí kò gba póńpù, kò gba gáàsì, ọta nìkan ni ẹ ó máa wá kiri. Ẹ di ọ̀pá náà mú ṣinṣin nígbà tí ẹ bá ń ki ọta, kí ó má baà padà sókè já ìka yín. Ẹ má ṣe yìn ín láìsí ọta nínú rẹ̀, kí sípíríǹgì àti rọ́bà inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Ẹ má da ọ́ìlì ọkọ̀ sínú rẹ̀, nítorí ó máa ń gbiná nínú ìbọn. Nígbà tí ẹ bá ń yìnbọn, ẹ má fi gbogbo agbára dì í mú. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́ yín, nítorí sípíríǹgì yóò tì í sẹ́yìn, yóò sì tún tì í síwájú kí ọta tó jáde tán, ẹni tó bá sì fún un mọ́ra ni ọta rẹ̀ máa ń yà kiri. Bí ẹ bá fẹ́ de awò, ìyẹn gíláàsì tí a fi ń wo ọ̀kánkán, mọ́ ọn, awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn sípíríǹgì ni kí ẹ bèèrè. Ìtì méjèèjì yìí ń fọ́ awò ìbọn mìíràn.

Kí ẹ tó wọ oko, ẹ lẹ bébà mọ́ páálí, ẹ gbé e síwájú òkìtì ilẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 15, kí ẹ sì yin ọta márùn-ún. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ ibi tí ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò lè bò, ẹ tún sún sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká ju ìdérí náà lọ ni ààlà yín, ẹ má ṣe yìnbọn sí ẹran tó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ọta olórí roboto ni kí ẹ fi ṣe é. Ikún a máa nàró lẹ́nu ihò rẹ̀ láti wo àyíká, ìgbà yẹn gan-an ni orí rẹ̀ máa ń hàn dáadáa. Ẹ rí i dájú pé ilẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe àpáta tàbí ojú ọ̀nà, nítorí ọta tó bá tàsé lè rìn ju mítà 200 lọ, òkúta sì lè dá a padà sí yín.

Ìbọn yìí tó òkété, bí ẹ bá sún mọ́ ọn tí tọ́ọ̀ṣì sì mọ́lẹ̀ tó láti rí orí rẹ̀. Kò tó ọ̀yà. Ọ̀yà tó dàgbà lè wọn kílò 4 sí 7, irú ọta bẹ́ẹ̀ á kàn ṣe é léṣe ni, yóò sì wọ inú koríko lọ jẹ̀rora. Ọgbà yí ẹ̀gẹ́ ká tàbí pàkúté ni kí ẹ fi kojú rẹ̀.

Ìbéèrè: Oníṣòwò ni mí ní Ọ̀fà. Mo ní ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń rọ afẹ́fẹ́ kún sìlíńdà ìdí rẹ̀, àmọ́ póńpù ọwọ́ ń mú mi lóòógùn. Wẹ́dà àdúgbò wa ní òun lè rọ ọ́síjìn tòun sí i. Ṣé ó dára?

Ìdáhùn: Ẹ dákun, ẹ má gbà fún un láé. Ọ́síjìn tó bá pàdé gíríìsì tàbí ọ́ìlì lábẹ́ irú ìfúnpá bẹ́ẹ̀ lè gbiná lójijì, ìbọn náà yóò sì bú gbàmù lọ́wọ́ yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín. Afẹ́fẹ́ lásán tó gbẹ nìkan ni a ń rọ sí i. Ẹ máa sinmi láàárín, kí póńpù náà lè tutù, kí ẹ sì máa wo géèjì, kó má ṣe kọjá iye tí wọ́n kọ sára ìbọn.

Ìbéèrè: Eku ti gba ilé ìkóǹkanpamọ́ wa ní Ìlọrin. Ṣé mo lè fi ìbọn afẹ́fẹ́ pa wọ́n nínú ilé?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ̀yin ará wa. Ògiri àti símẹ́ńtì yóò dá ọta padà, òjé tí wọ́n fi ṣe ọta tó bá sì fọ́ sínú àpò ìrẹsì kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ ènìyàn jẹ. Ẹ dí ihò, ẹ kó oúnjẹ sínú ike tó ní ìdérí, ẹ dẹ pàkúté, ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó gbé òkú eku, nítorí ibà Lassa. Bí òwìwí bá ń gbé nínú igi màngòrò ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lókò nítorí pé wọ́n ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́: eku ni oúnjẹ rẹ̀ lálaalẹ́.