Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò: ẹ dín ọ̀rọ̀ sísọ kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní wọ́n gbé ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lé yín lọ́wọ́ fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, ẹ sì ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ máa pè wá sọ̀rọ̀. Fisiksi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ NCE, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn ṣe irú ètò yìí. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dín ọ̀rọ̀ sísọ kù. Olùkọ́ tó ti ń kọ́ni láti ogún ọdún kò ní torí ọ̀rọ̀ ẹnu yí bó ṣe ń ṣe é padà. Ó dìgbà tó bá jókòó sí àyè akẹ́kọ̀ọ́, tí ohun tó rò pé òun mọ̀ sì rú u lójú.

Bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. A ó pín wọn ní méjì-méjì, a ó fún wọn ní bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan, àti wáyà kan ṣoṣo tí a ti bó lẹ́nu méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó tàn. Ọ̀pọ̀ ló máa gbé ìdí gílóòbù lé orí bátìrì, wọ́n á fa wáyà láti ìsàlẹ̀ bátìrì wá kan ìdí gílóòbù kan náà. Kò ní tàn, wáyà á sì máa gbóná lọ́wọ́ wọn. Ibi méjì ni iná ní láti kàn lára gílóòbù: ṣóńṣó ìdí rẹ̀, àti irin tó yí i ká lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú àwòrán tí a máa ń yà sójú pátákó, róbótó lásán ni gílóòbù, wáyà méjì sì ti yọ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí wọ́n gbà wọlé.

Fún àwọn ará ìṣirò, ẹ lo ìbéèrè yìí: iye akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà iye olùkọ́, kí A dúró fún iye akẹ́kọ̀ọ́, kí L dúró fún iye olùkọ́. Wọ́n á kọ A = 6L kíá. Àmọ́ ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí ọmọ tó kọ 6A = L ń rò lọ́kàn. Ibẹ̀ ni ilé á ti pa rọ́rọ́.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù ni ọ̀rọ̀ àgbà. Nílẹ̀ wa, àgbà kì í fẹ́ kí ohun tí kò mọ̀ hàn lójú ọmọdé. Mo rí olórí ẹ̀ka kan tó dìde kúrò nínú gbọ̀ngàn nítorí pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ pé kó wá ṣàlàyé ìdáhùn rẹ̀ níwájú àwọn tó ti kọ́ nílé ìwé rí. Lọ́jọ́ kejì, òun ò wá, àwọn ará ẹ̀ka rẹ̀ náà ò wá. Nítorí náà, ẹ má pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sórí bébà láìkọ orúkọ, kí ẹ kó o jọ, kí ẹ pín in padà, kí oníkálukú ka ti ẹlòmíràn síta. Kí àgbà jókòó ti àgbà. Kó tó dọjọ́ náà, ẹ lọ bá àwọn àgbà mélòó kan nílé, kí ẹ ní kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́ láti mọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣubú nínú ìdánwò. Àgbà tí ẹ bá fọ̀rọ̀ lọ̀ kò ní jẹ́ kí ètò náà bàjẹ́.

Àwọn kan á ní ọ̀nà òyìnbó ni, pé àwa ń kọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọmọ láìsí iná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ńlá ni Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n fisiksi ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀nà yìí ní 1991, tó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn lórí ìbéèrè kí òun tó sọ ìdáhùn. Káàdì tí a kọ A, B, C, D sí tó fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń béèrè ẹ̀rí, ẹ fi iṣẹ́ tí Scott Freeman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014 hàn án. Ìwádìí 225 ni wọ́n kó jọ: nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́, bíi 34 ló ń fìdí rẹmi níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, bíi 22 níbi tí àwọn ọmọ ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ ti gba àwọn ohun èlò PhET ti yunifásítì Colorado, ìyẹn àwòrán sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ dán wò lórí kọ̀ǹpútà, sórí fúláàṣì sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìyẹn.

Ìṣíde olówákàtí mẹ́ta, tí wọ́n á máa kí èèyàn ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lọ sí ọ̀sán ọjọ́ kẹta, nígbà tí ọ̀gá àgbà bá wá pín ìwé ẹ̀rí. Kó tó dé, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ti tún kíláàsì kan ṣe nínú kọ́ọ̀sì tirẹ̀, kó sì ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ àwọn ará ẹ̀ka mìíràn. Bí onífisiksi bá kọ́ oníbayọ́lọ́jì tí kò yé e, kì í ṣe ẹ̀bi oníbayọ́lọ́jì.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé ni kí ẹ fi ètò náà sí, kí àwọn olùkọ́ lè lo ohun tí wọ́n kọ́ kó tó tutù. Kí wọ́n sì máa lọ wo kíláàsì ara wọn ní méjì-méjì ní gbogbo sẹ̀mẹ́sítà náà. Ẹ má fi olórí ẹ̀ka ṣe ẹni tó ń lọ wò o, torí lójú olùkọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ló máa dà, á sì padà sí bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má baà bá a wí.