Barolo Mi Kò Pọ́n Dáadáa, Ó sì Ń Gbẹ Ẹnu: Ṣé Ó Ti Bàjẹ́ Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìgò Barolo, wáìnì pupa Ítálì, méjì ti ilé ọtí Bartolo Mascarello, ti ọdún 2016, nígbà tí mo lọ sí Ítálì. Mo ṣí ọ̀kan lánàá. Àwọ̀ rẹ̀ kò ki, ẹnu mi gbẹ bí ẹni tó jẹ obì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìgò. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Kí ni kí n ṣe sí èkejì?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ìwà Barolo ni. Èso àjàrà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ nebbiolo ni wọ́n fi ń ṣe é, lórí àwọn òkè Langhe ní Piemonte, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Ítálì. Èèpo rẹ̀ kò ní aró púpọ̀, àmọ́ tannin, èròjà tó ń mú ẹnu gbẹ, kún inú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú obì gan-an. Ẹ gbé ife síwájú aṣọ funfun: etí wáìnì náà á pupa rẹ́súrẹ́sú bíi bíríkì, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí ìka yín lódìkejì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìdílé Mascarello kò sì ṣetán láti pa ìwà yìí dà. Giulio Mascarello ló dá ilé ọtí náà sílẹ̀ ní abúlé Barolo lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní; Bartolo ọmọ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀; nígbà tí Bartolo kú ní 2005, Maria Teresa ọmọbìnrin rẹ̀ ń bá a lọ. Àjàrà láti oko Cannubi, San Lorenzo àti Rué ní Barolo, pẹ̀lú ti oko Rocche ní abúlé La Morra, ni wọ́n ń dà pọ̀ di wáìnì kan. Táǹkì kọnkéré ló ti ń hó tèèpo tèèpo fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú àgbá igi ńláńlá. Òfin ní kí Barolo pé oṣù 38 kó tó dé ọjà, kí 18 nínú rẹ̀ jẹ́ inú igi. Nígbà tí àwọn kan ń sáré ra àgbá kékeré onílítà 225 tó ń jẹ́ barrique, tí adùn igi rẹ̀ máa ń bo ti èso mọ́lẹ̀, Bartolo kọ ọ́ sára ìgò pé: "No Barrique No Berlusconi": òun ò fẹ́ barrique, òun ò sì fẹ́ Berlusconi, olóṣèlú Ítálì. Lójú tèmi, òun ló jàre.

Ìgò kejì, ẹ má kánjú ṣí i. Ó ṣì lè dúró fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn, tó tutù tó 13°C. Tó bá ku ọjọ́ méjì kí ẹ mu ún, ẹ gbé e nàró kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè silẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ṣáájú oúnjẹ, ẹ rọra dà á sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì tí kò ní òórùn ọṣẹ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ọrùn ìgò. Bí ẹ bá ti rí i tí dúdú ń yọ́ bọ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Kó wà láàárín 16 sí 18°C. Tó bá tutù jù, tannin á le sí i; tó bá gbóná jù, ọtí rẹ̀ á máa ta ni nímú.

Èyí tó bàjẹ́ lóòótọ́ máa ń rùn bíi páálí tómi rin. Kọ́ọ̀kì, ìdérí ìgò, ló máa ń fà á, kò sì látùn-únṣe. Bí kọ́ọ̀kì bá yọ sókè, tí wáìnì ń rùn bí èso sísè, ooru ló pa á.

Ẹran màlúù ọlọ́ràá tó jinná dénú ló bá a mu. Ẹ yọwọ́ ata rodo kúrò, torí ó máa ń jẹ́ kí tannin àti ọtí rẹ̀ ta ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí ti àná bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á nù. Ẹ dé e, ẹ gbé e sí fíríìjì, á tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbé e síta fún wákàtí kan lálẹ́ òní kí ẹ tún un tọ́ wò: ó ṣeé ṣe kí òórùn òdòdó rose ti jáde, kí gbígbẹ ẹnu yẹn sì ti rọ̀.