Ariwo iná ilé nínú rédíò ìgbì kúkúrú: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Ìbéèrè: Bí mo bá ṣí rédíò sí ìgbì kúkúrú lálẹ́, ariwo kan tó ń kùn máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀, pàápàá ní agbègbè 6 MHz. Wọ́n ní kí n ra áńtẹ́nà tó gùn sí i. Ṣé ìyẹn yóò yanjú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó sí áńtẹ́nà. Bí waya tí ẹ ta sínú ilé bá ṣe ń gùn sí i ni yóò máa gba ariwo ilé sí i, pẹ̀lú ohùn tí ẹ ń wá. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń pariwo, kí ẹ pa á lẹ́nu mọ́ níbi tó wà.

Ẹ fi bátìrì sínú rédíò, kí ẹ sì yọ adaptor rẹ̀ kúrò lára rédíò àti nínú sókẹ́ẹ̀tì. Bí ariwo bá lọ, adaptor náà ni. Bí kò bá lọ, ẹ pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, kí ẹ sọ fún àwọn ará ilé, kí ẹ wá pa brékà àgbà. Ilé tó bá ní ínfátà, ẹ pa ínfátà náà pẹ̀lú, nítorí bí iná bá ti lọ ni yóò gba iṣẹ́, òun gan-an sì wà lára àwọn tó ń pariwo jù. Bí ẹ bá ní páńẹ́ẹ̀lì sólà, alẹ́ ni kí ẹ ṣe ìdánwò yìí, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́sàn-án, torí ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà sínú bátìrì kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí oòrùn ò bá sí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, inú ilé yín ni ariwo wà. Ẹ pa gbogbo brékà kéékèèké, ẹ tan brékà àgbà padà, kí ẹ wá tan àwọn kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Brékà tó bá dá ariwo padà, ẹ yọ ohun tó wà lórí rẹ̀ nínú sókẹ́ẹ̀tì níkọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ọ́ ni, kì í ṣe pé kí ẹ fi rìmóòtù pa á: tẹlifíṣọ̀n tó ń sùn ṣì ń lo iná, ṣájà tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì dúró lórí èyí tí ẹ kọ́kọ́ rí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ ẹyọ kan. Èyí tó lágbára jù ló ń bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀, bí ẹ bá yọ ọ́ tán ni ẹ ó tó gbọ́ ìkejì.

Bí ariwo ò bá yí padà nígbà tí gbogbo iná ilé ti kú, ìta ló ti ń wá. Ẹ gbé rédíò bátìrì kékeré rìn yí ilé ká. Bí ariwo bá ṣe ń le sí i ni kí ẹ máa ti ọ̀pá áńtẹ́nà rẹ̀ wọlé, kí ẹ lè mọ ọ̀nà tó le sí jù. Bí ẹsẹ̀ bá gbé yín dé ìdí òpó iná, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná ló ni iṣẹ́ yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé èèyàn lè fi etí nìkan mọ ohun tó ń pariwo?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe dé àyè kan. Kíkùn líle tí kò yí ohùn padà, tó ń lu ní ìgbà 100 tàbí 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá, sábà máa ń wá láti ara ohun tó ń dín iná gílóòbù kù tàbí tó ń darí eré fáànù. Ṣájà àti gílóòbù LED tí kò dára ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀: bí ẹ bá ń yí rédíò lọ, ariwo yóò wú sókè, yóò rọlẹ̀, yóò tún wú, ní àlàfo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bóyá 50 tàbí 70 kHz, yóò sì máa rọra sún kúrò ní ààyè rẹ̀ bí ohun náà bá ṣe ń gbóná. Èyí tó bá ń ta pàràpàrà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ iná tó ń ṣẹ́ níbi tí waya ti tú tàbí tí súwíṣì ti jẹ. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kíákíá, torí ó lè dá iná sílé. Ariwo tó bá sì bo gbogbo ìgbì kúkúrú, àmọ́ tó rọlẹ̀ lójijì ní àwọn agbègbè tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ rédíò afẹ́, bíi 7.0 sí 7.2 MHz, ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú waya iná ilé ni kí ẹ fura sí. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gidi ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kò sí àtúnṣe mìíràn tó tó o.

Ìbéèrè: Mo ra ferrite alágekù méjì (òrùka dúdú tí wọ́n fi ń dènà ariwo lára wáyà), mo fi há wáyà ṣájà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Ó lè má jẹ́ ayédèrú. Wáyà tó gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò lè ṣe púpọ̀ ní ìgbì kúkúrú. Agbára ìdènà ferrite ń pọ̀ ní ìlọ́po iye ìyípo lọ́nà méjì: ìyípo 2 ń fún yín ní ìlọ́po 4, ìyípo 5 ń fún yín ní ìlọ́po 25. Ẹ wá òrùka ferrite ńlá, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 61, tí ohun èlò tí wọ́n fi ṣe é ń jẹ́ nọ́ńbà 31. Nọ́ńbà 43 náà dára láti 10 MHz sókè. Òrùka aláwọ̀ ofeefee tàbí pupa tí wọ́n ń yọ nínú ẹ̀rọ àtijọ́, lẹ́búlẹ́bú irin ni, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ yí wáyà náà, odindi rẹ̀ pẹ̀lú ìbora, ní ìgbà 8 sí 12 gba inú ihò. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gba inú ihò kọjá ni ìyípo kan. Ẹ má ya okùn rere àti òdì sọ́tọ̀, torí bí iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ bá jọ gba ibẹ̀, wọn kì yóò sọ ferrite di aláìlágbára. Ẹ má jẹ́ kí ìyípo àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn fara kanra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ariwo yóò fò láti ọ̀kan sí èkejì. Ibi tó ti jáde lára ohun tó ń pariwo ni kí ẹ gbé e sí, tímọ́tímọ́. Bí ẹ bá fi mítà kan sílẹ̀, mítà yẹn ti di áńtẹ́nà fún ariwo. Ìhà méjèèjì ṣájà sì ni: wáyà tó lọ sí sókẹ́ẹ̀tì àti èyí tó lọ sí fóònù.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè jó kapasítọ̀ (ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ tó ń gba iná pamọ́) mọ́ ẹnu wáyà iná kó lè gba ariwo?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má fi kapasítọ̀ lásán ṣe é. Bó bá bàjẹ́, ó lè gbiná, tàbí kó gbé iná sára àpótí irin tí ẹ ń fọwọ́ kàn. Ẹ ra àpótí filter, ìyẹn asẹ́ ariwo, tí wọ́n ti ṣe tán, tó ní kapasítọ̀ X2 àti Y2 nínú (irú tí wọ́n dìídì ṣe fún iná ilé), kí wáyà ilẹ̀ rẹ̀ sì so dáadáa. Ẹ má ṣe gé wáyà ilẹ̀ ohunkóhun nítorí ariwo.

Ìbéèrè: Ilé alájà ni mò ń gbé, ariwo sì ń wá láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Áńtẹ́nà òrùka ló dára jù fún yín. Ẹ ká wáyà bàbà sí òrùka kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1, kí ẹ so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ kapasítọ̀ tó ṣeé yí, ti 365 pF. Yóò ṣiṣẹ́ láti nǹkan bíi 5 MHz lọ sókè. Ẹ fi òrùka kékeré kan, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n kanra, kí ẹ sì fi wáyà coax (irú wáyà áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n) so ó mọ́ rédíò. Ẹ yí kapasítọ̀ títí ohùn yóò fi jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ máa yí òrùka fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ihò rẹ̀ bá kọjú sí ibi tí ariwo ti ń wá, ariwo yóò rọlẹ̀, ohùn láti òkèèrè yóò sì sábà dúró, torí òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Bí yíyí nìkan ò bá tó, ẹ dà á ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹnu fèrèsé, bó bá ti lè jìnnà tó sí wáyà inú ògiri, kí ẹ sì yí coax náà ní ìgbà 10 yí òrùka ferrite nọ́ńbà 31 ká kó tó dé rédíò, kí ariwo má bàa gba ẹ̀yìn wáyà wọlé.