Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Gbígba orin sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílù àdúgbò

Ìbéèrè: Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé. Orin mẹ́wàá ni mo ti kọ tí mo fẹ́ kó jọ sínú àwo kan, àwọn onílù dùndún àdúgbò wa ni mo sì fẹ́ kí wọ́n lù sí i. Sítúdíò tí mo lọ ní kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lu ìlù náà, pé ó dínwó, àti pé onílù ìbílẹ̀ kì í dúró lójú ìlù kan. Ṣé òótọ́ ni? Àdéhùn wo ni kí n sì bá àwọn onílù ṣe kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ bí orin bá jáde?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà dínwó, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n sọ nípa onílù kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fà á tí ìlù fi ń yẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ sítúdíò máa ń mú àwọn onílù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a de ohun ìgbọ́rọ̀ mọ́ ọn létí, wọn a ní kó máa tẹ̀ lé ìró ẹ̀rọ. Dùndún kì í ṣe ìlù ẹyọ kan. Bí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú ló ń gbé e ró, ojú ìyáàlù ni àwọn yòókù sì ń wò kí wọ́n tó mọ ìgbà tí wọ́n máa yí ọwọ́ padà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn jókòó sí yàrá kan náà, kí ìyáàlù kọjú sí yín, kí ẹ̀yin náà sì máa kọ orin lọ bí wọ́n ti ń lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa padà wá gba ohùn tiyín sílẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Gúdúgúdú ló ń di ìrìn mú, ṣùgbọ́n ìró bílálà lára awọ rẹ̀ le, ó sì máa ń wọnú gbohùngbohùn ẹlòmíràn, torí náà mo máa ń gbé e jìnnà díẹ̀ sí àwọn tó kù. Ní ti ìyáàlù, ojú awọ ni mo máa ń kọjú gbohùngbohùn sí, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Bí ó bá sún mọ́ ọn jù, ṣaworo ni ẹ ó máa gbọ́, ẹ kò ní gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Ẹ ní kí àwọn ará sítúdíò ya ohùn ìlù kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí wọ́n sì gbà á ní 24-bit àti 48 kHz, ìyẹn ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohùn sílẹ̀.

Ẹ̀pẹ́ wà létí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ tútù a sì máa dẹ awọ. Mo rántí ọjọ́ òjò kan tí a ti gba orin méjì tán kí n tó fura pé ohùn gúdúgúdú ti wálẹ̀ ju bó ti wà láàárọ̀ lọ. A tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, owó wákàtí mẹ́ta sì lọ. Kí àwọn onílù dé ní wákàtí kan ṣáájú, kí wọ́n rí ibi yá ìlù sí oòrùn tàbí iná, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni ọ̀rọ̀ orin fúnra rẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù ń tẹ̀ lé: bí ẹ bá kọ ọkọ̀ tí ẹ sì gbé ohùn ìparí rẹ̀ sókè, ọkọ́ ni onílù máa gbọ́, ọkọ́ náà ló sì máa lù. Ẹ kó ọ̀rọ̀ orin fún wọn kí ó tó di ọjọ́ sítúdíò, kí ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ìdánrawò nílé. Owó sítúdíò tó máa dínkù nípa bẹ́ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ẹ máa san fún onílù.

Ní ti àdéhùn, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 fún òṣèré, títí kan onílù, ní ẹ̀tọ́ lórí ìṣeré rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gbà á sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni orin tí ẹ kọ, ẹ̀tọ́ náà á sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí onílù fi lù ú jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹgọ́: orúkọ onílù, orin tó lù, ọjọ́ náà, iye owó, pé ó fọwọ́ sí gbígbà á sílẹ̀ àti títà á, àti bóyá owó àsanpa ni tàbí ó ní ìpín nínú ohun tí orin bá mú wọlé. Èyí tí kò bá mọ̀wé kà, kí a kà á sí i létí ní Yorùbá níṣojú ẹlẹ́rìí. Èmi fara mọ́ owó àsanpa tó nítumọ̀, pẹ̀lú ìpín díẹ̀ fún ìyáàlù, nítorí pé òun ni ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sínú orin yín. Kí orúkọ gbogbo wọn sì hàn lára àwo.

Kí wọ́n tó kúrò ní sítúdíò, ẹ jọ gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan, kí onílù ìyáàlù sì sọ gbogbo ohun tó fi ìlù wí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó bọ́ sí. Ẹ fún ẹni tó máa da ohùn pọ̀ ní ìwé náà, nítorí bí kò bá gbọ́ èdè ìlù, ibi tí ìlù ti ń ki yín gan-an ló máa rẹ̀ sílẹ̀.