“Window”: Kí Ni “Ow” Ń Ṣe Níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ló ní òun rí “wind” nínú “window”, àmọ́ kí wá ni “ow” tó kù yẹn? Mo ní bóyá Látìn ni, kó ṣáà lè jẹ́ kí n sinmi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí ọmọ yẹn o mà, ojú ẹ̀ ríran. “Wind” tó rí yẹn, atẹ́gùn ni lóòótọ́. “Ow” ńkọ́? Ojú ni! Kì í ṣe Látìn rárá, ọ̀dọ̀ àwọn Viking ló ti wá, àwọn ará Denmark àti Norway tí wọ́n ń fọkọ̀ ojú omi wá jalè létíkun England, wọ́n kọlu erékùṣù Lindisfarne ní 793, nígbà tó yá wọn ò kó ẹrù lọ mọ́, wọ́n gba ìlú York ní 866, wọ́n jókòó, wọ́n dáko, wọ́n fẹ́yàwó, bí èdè wọn ṣe ráyè wọnú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Vindr ni atẹ́gùn lọ́dọ̀ wọn, auga ni ojú, ló bá di vindauga, ojú atẹ́gùn.

Ẹ má rò pé ewì ni wọ́n ń ké o. Kò sí gíláàsì nílé wọn, ihò lásán ni wọ́n máa ń dá sí i kí èéfín lè jáde kí ìmọ́lẹ̀ sì wọlé, atẹ́gùn náà á kúkú bá a wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Ihò tí wọ́n pè lójú ò sì ṣàjèjì sí wa, ṣebí abẹ́rẹ́ náà lójú.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní tiwọn tẹ́lẹ̀, eagþyrl ni wọ́n ń pè é (þ yẹn, bíi “th” ni), ìyẹn ihò ojú. Window dé, ó lé e dànù. Àmọ́ þyrl ò kú tán, ó wà nínú “nostril”, ihò imú, tí ẹnikẹ́ni ò fura.

Látìn tẹ́ ẹ sọ náà gbìyànjú o, fenestra ló di Fenster ní Jámánì àti fenêtre ní Faransé, kódà àwọn Gẹ̀ẹ́sì lo “fenester” títí di nǹkan bí 1550 kí wọ́n tó pa á tì.

Tọ́mọ yẹn bá tún dé, ẹ ní kó lọ yẹ “husband” wò, Viking náà ló ni ín, húsbóndi, baálé ilé. Tó bá wá béèrè ẹni tó ni ilé gan-an, ẹ jẹ́ kí bàbá ẹ̀ dáhùn ìyẹn.